Adìyẹ Bà Lókùn

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, agogo márùn-ún ìdájí ni mo jí. Mo wẹ̀, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo so táì, mo gbé báàgì, ó di ibi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹsẹ̀ mi ló mọ ọ̀nà, ọdún 35 ló sì fi mọ̀ ọ́n.

Gáàdì tó máa ń sáré ṣí géètì bó bá ti rí mi lókèèrè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú mi dùn. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, sà. Ta lẹ wá rí?”

Mo ní, “Èmi kẹ̀?”

Ó fa ìwé àlejò yọ, ó fún mi ní bírò. Mo kọ orúkọ mi. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí àlejò wá ṣe, bóyá ti iṣẹ́ ìjọba ni tàbí ti ara ẹni. Mo fàmì sí ti iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ náà wò ó, ó pa á rẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó fàmì sí ti ara ẹni. Mo sọ fún un pé mo gbàgbé awò ojú mi sílé, mo sì yíjú padà. Awò ọ̀hún wà lójú mi.

Kì í ṣe pé wọ́n lé mi. Òfin iṣẹ́ ìjọba ò mojú ẹnikẹ́ni: o pé ọmọ 60 ọdún, tàbí o lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni kí o máa bá lọ sílé. Ọdún 1988 ni mo wọṣẹ́, ọmọ ọdún 24 ni mí. Nígbà tí 2023 dé, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn olùkọ́ nìkan ni òfin ọdún 2022 bá fi kún tiwọn, tí ó sọ ọ́ di ọmọ 65 ọdún tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ṣì ń mú ṣọ́ọ̀kì kiri di bí mo ṣe ń wí yìí. Tí mo bá rí ẹfun lára ṣòkòtò rẹ̀, ara mi a máa ta.

Ti owó, wọ́n gbìyànjú. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin owó ìfẹ̀yìntì ṣe ní 2014, nínú 100 náírà owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá 8, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 tì í lẹ́yìn. Owó ni gbogbo wa ń tọ́jú de ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tọ́jú èmi alára dè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe, kí ẹ lè mọ ibi tí àrùn tó ń yọ mí lẹ́nu ti wọlé. Èmi ni ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. “Ọ̀gá Fáìlì” ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ìwé tó wọ iléeṣẹ́ yẹn tí kò gba orí tábìlì mi kọjá. Bí ó bá ti dé, màá kọ “Seen” sí i lábẹ́, màá buwọ́ lù ú, màá fi déètì sí i, màá tì í síwájú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, tí mo fi kọ́lé sí Akọ́bọ̀. Ó túmọ̀ sí pé mo ti rí i. Ṣé mo rí i lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì ná.

Àwọn àgbà ní adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ni adìyẹ tó bà. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ni okùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ra ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i, mo so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn: orúkọ, àkókò tí a jáde, àkókò tí a wọlé, ìbuwọ́lù. Ìyá Ìbejì ń lọ sí ọjà Bódìjà, níbi tó ti ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà. Ó dúró wò ó.

“Bàbá Ìbejì, kí lèyí?”

“Kí a lè mọ ẹni tó wà nílé àti ẹni tí kò sí.”

Ó wojú mi, ó wo ọmọ ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wo ìwé. Àwa mẹ́ta náà la wà nínú ilé. Ó ní, “Èmi ni mi ò ní í sí. Ẹ̀yin lẹ wà ńbẹ̀.” Ó jáde láì buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo wọ ilé ìdáná rẹ̀ lọ. Ìyà ńlá ni ohun tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó ti ń to fáìlì láti 1988. Mo palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, mo to ó ní A, B, D: àlùbọ́sà, ata, èlùbọ́, epo, ẹ̀wà, gàrí, iyọ̀. Kẹrosíìnì wà nínú ike kan. Epo náà ni ìyẹn ń jẹ́, epo òyìnbó, nítorí náà mo gbé e ti epo pupa. Lálẹ́, iná ìjọba lọ. Ìyá Ìbejì ń se ẹ̀wà, ó nawọ́ nínú òkùnkùn… Ẹ̀wà ọjọ́ yẹn, ààtàn ló jẹ ẹ́.

Ẹni tó gbọ́n ì bá ti dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ọmọ mi lá mílíìkì tán. Mo jókòó, mo kọ kúẹ́rì fún un: kí ó ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí a kò fi ní í bá a wí. Ọmọ náà gbà á, kò fèsì. Nígbà tí mo fẹ́ jẹun alẹ́, mo bá ìwé kan lábẹ́ àwo mi. Ọwọ́ ọmọ ló kọ ọ́, ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà ló ti jáde: “Sí Bàbá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ lórí kẹrosíìnì inú ẹ̀wà. Ẹ ṣàlàyé láàárín ìṣẹ́jú 10, kí ẹ̀bà yìí tó tutù.” Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi fèsì. Ebi ò mọ ọ̀gá.

Ìyá Ìbejì rò ó títí, ó ní kí n máa bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bóyá ara mi á balẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni mo lò níbẹ̀. Oníbàárà kan ra kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta. Ìyá Ìbejì wọ̀n ọ́n, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Mo ní, “Èwo nìyẹn?” Ó ní èènì ni. Mo ní, “Ta ló fọwọ́ sí i?” Oníbàárà wò mí, ó wo ẹ̀wà rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. A ò tíì rí i títí di òní. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti bi oníbàárà mẹ́rin léèrè rìsíìtì, mo sì ti ní kí àwọn tó kù tò sórí ìlà. Àwọn tó kù jẹ́ méjì. Ọkọ̀ tí Ìyá Ìbejì fi mí sí padà sí Akọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló san owó rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé mo máa dá iṣẹ́ tèmi sílẹ̀. Kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ń ṣe? Adìyẹ ló ń sìn. Mo kọ́ ilé wọn sẹ́yìnkùlé. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìwé: 200 adìyẹ, ó kéré tán 150 ẹyin lójúmọ́, kíréètì márùn-ún. Ìṣirò náà wú mi lórí débi pé mo gba àsansílẹ̀ owó ẹyin lọ́wọ́ ènìyàn 11 kí n tó ra adìyẹ kankan.

Ní oṣù Keje, mo lọ bá ìyá kan tó ń ta òròmọdìyẹ. Mo ní adìyẹ tó máa yé ni mo fẹ́. Ó dárúkọ iye tó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú mi là.

“Ṣé ẹ ò ní èyí tó rọjú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?”

“Ó wà, sà, àmọ́ àwọn ìyẹn…”

“Mi ò béèrè àmọ́, màmá. Ẹ kó o wá.”

Ó kó 200 fún mi, ó kọ rìsíìtì. Mo yọ bírò, mo kọ “Seen” sí i, mo buwọ́ lù ú, mo fi déètì sí i. Mo délé, mo ṣí fáìlì tuntun, mo kọ “Iṣẹ́ Ẹyin, Apá Kìíní” sára rẹ̀, mo fi rìsíìtì náà sí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti bá ara mi dín ìnáwó kù.

Mo tọ́jú wọn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, nítorí náà mo tan gílóòbù. Bí iná bá lọ, èédú ni mo ń kó sínú ìkòkò fún wọn, tí mo ń sùn tì wọ́n lórí ẹní. Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Gumboro àti Lasota, ìyẹn tí wọn kì í gún, tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu. Mẹ́sàn-án kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú fáìlì, mo kọ ọ́ síwájú wọn pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ilé adìyẹ, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ogbe orí àwọn adìyẹ yín yìí mà ń pupa jù o.”

Mo ní, “Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kí n bẹ̀rù.

Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún, mo yí oúnjẹ wọn padà sí oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n fi ìkarahun lílọ̀ sí kí èèpo ẹyin lè le. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ sínú àpótí fún wọn. Láràárọ̀, màá gbé abọ́ lọ, màá gbé abọ́ bọ̀. Òfìfo. Àwọn 11 ti ń pè mí lórí fóònù.

Ohun mìíràn tún ń bí mi nínú. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àwọn àkùkọ kan ti ń kọ lágbègbè wa lóru, tí wọn ò jẹ́ kí n sùn. Mo kọ lẹ́tà sí aládùúgbò mi tó wà lẹ́yìn ògiri: “Ìfisùn lórí ariwo àkùkọ yín.” Mo fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì.

Bàbá náà mú lẹ́tà lọ́wọ́ wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, mo rí ìwé yín. Ajá kan ṣoṣo ni mo ní nínú ilé. Àkùkọ wo?”

Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ tí mo ń retí ẹyin lára wọn na ọrùn, ó lu apá pẹ́ẹ́, ó ní kùkúrúùkúù! Èkejì gbè é. Ká tó ṣẹ́jú, 191 ni wọ́n, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló ń dáhùn. Aládùúgbò mi fọwọ́ ti ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí lẹ́tà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹyin ní í di àkùkọ. Èmi ra àkùkọ, mo ń retí kó di ẹyin.

Mo gbé fáìlì, mo fi ìbínú lọ bá ìyá tó tà wọ́n fún mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká wo rìsíìtì, sà.” Mo ṣí i fún un. Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan: “Cockerel, 200.” Lábẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára, pẹ̀lú déètì, ni “Seen” wà. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó kàn fìka tọ́ ọ. “Bàbá, ọwọ́ ta lèyí?”

Ọdún 35, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Ìbejì. Mo ń retí èébú. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹun. Ó ti mọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án. Ó ti bá àwọn alágbàtà ní Bódìjà sọ̀rọ̀ de Kérésìmesì, ìgbà tí àkùkọ máa ń tà jù. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, ó ti tà wọ́n tán. Mo dá àsansílẹ̀ ènìyàn mẹ́jọ padà. Àwọn mẹ́ta tó kù ní àwọn á fi àkùkọ rọ́pò ẹyin. Owó tó wọlé san gbèsè oúnjẹ adìyẹ, ó ku díẹ̀ kó san owó gílóòbù.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ. Ó ní mo ní kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, òun ò sì mọ ibi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí.

Ní báyìí, mo ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Iṣẹ́ tó gbé fún mi kò pọ̀: bó bá ti wọn ẹ̀wà tán, èmi ni mo ń bu èènì lé e. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ọdún 35 yín ń bọ̀ lọ́nà, owó nìkan kọ́ ni kí ẹ máa kà. Ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín tàbí ọkọ yín níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ pa ẹnu mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀rọ̀ ogbe adìyẹ létí yín, ẹ má ṣe ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ lọ wò ó.