Ọ̀nà Ejò Tí Bàbá Ìbejì Fẹ́ Gbà

Ìyá Ìbejì, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Wọ́n ní Bàbá Ìbejì fẹ́ gba Snake Pass, ọ̀nà orí òkè, lọ sí Sheffield lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n mọ ìtàn ọ̀nà yẹn?

Títì A57 yìí kan náà ni, èyí tó gba Gorton kọjá níbi tí ẹ ti ń ra èlùbọ́. Liverpool ló ti ń bọ̀, ó gun Mancunian Way tí Harold Wilson, olórí ìjọba ìgbà náà, ṣí ní 1967. Ẹ rántí Mancunian Way? Òjò rọ̀ ní oṣù kẹjọ 2015, ilẹ̀ ibẹ̀ kàn lanu ni, ihò ràgàjì! Kí la tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n. Títì náà kọjá Denton, Hyde àti Mottram. Ẹ má jẹ́ kí n dá ti Mottram sílẹ̀. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ibẹ̀ ti gba àdúrà àárọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ Kristẹni.

Glossop ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà Thomas Telford ló yàwòrán Snake Pass náà, wọ́n sì ṣí i ní 1821. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé torí ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n fi ń pè é ní ejò. Irọ́! Ejò ni àmì ìdílé Cavendish, ìdílé Duke ti Devonshire tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ọtí sójú ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ ní Snake Inn, orúkọ ilé ọtí ló wá di ti ọ̀nà. Olówó ń fi àmì ilé rẹ̀ sí ojú títì, arìnrìn-àjò ń san owó ibodè! Ká ní Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀ ni, ì bá ti wó géètì wọn dànù. Rélùwéè gba Woodhead kọjá ní 1845, ó kó oníbàárà wọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín dójú ikùn.

Òkè yẹn ga tó mítà 510. Àgùntàn ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa, mi ò ní dárúkọ, bá ọ̀kan pàdé lóru láàárín títì, ojú rẹ̀ ń tàn yanran nínú iná mọ́tò. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Wọ́n fi Sáàmù lé e, kò mira, ó ń jẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fọn fèrè ló tó yà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn òkè náà, ọkọ̀ á gun afárá kan lórí adágún omi Ladybower. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni abúlé Ashopton wà! Wọ́n fi omi bo òun àti abúlé Derwent, kí àwọn ìlú ńlá lè rí omi mu. Wọ́n hú òkú inú itẹ́ òkú Derwent, wọ́n lọ tún wọn sin sí Bamford. Ọba George kẹfà fúnra rẹ̀ ló wá ṣí ìdídò náà ní 1945. Ilé-ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Derwent ṣì ń yọrí lókè omi nígbà náà; ní 1947 wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọ. Tí ọ̀dá bá dá, òkúta ilé Derwent á tún yọ síta, àwọn òyìnbó á wọ bàtà, wọ́n á lọ máa ya fọ́tò. Àwa kọ́ ni wọ́n máa rí níbẹ̀!

Ilẹ̀ òkè náà pàápàá kì í dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìjì oṣù kejì 2022, ó yẹ̀, wọ́n ní láti ti ọ̀nà pa. Tí yìnyín bá sì bọ́, wọ́n tún ń tì í.

Ẹ sọ fún Bàbá Ìbejì kí wọ́n wo ojú ọjọ́ dáadáa kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n sì rọ epo kún dẹ́nu ní Hyde. Ẹ fún mi ní ṣíbí yẹn, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọbẹ̀ yín wò.