Ilé Là Ń Wò, Àbí Orúkọ?

Àwọn baba wa, tí wọ́n ń rọ òwe bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́, ni wọ́n wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni pé kí àgbà tó lanu pe ọmọ tuntun ní Adé tàbí Ọlá tàbí Àyàn, kí ó kọ́kọ́ yẹ ìdí agboolé tí a bí i sí wò, kí orúkọ má baà wúwo ju ẹni tí ń jẹ́ ẹ lọ. A kúkú mọ òwe yìí lò nígbà kan: ọkọ̀ àlòkù tí ó la òkun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a sọ ní Tòkunbọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀, nítorí pé ilé la wò. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ọgbà àwọn tí ń ta Tòkunbọ̀ wọ̀nyí lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, kí ẹ wá wo bí a ti dojú òwe náà kọlẹ̀.

Ìbejì kan ni mo fẹ́ mú wá sí àárín agbo. Toyota àti General Motors, tí wọ́n ti jọ da ilé iṣẹ́ kan pọ̀ ní Fremont ní ìpínlẹ̀ California láti 1984, ni wọ́n jọ gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde ní 2002, ọkọ̀ tí ó jókòó lórí egungun Corolla, tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ti ẹni tí ó fẹ́ sáré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba ẹrù. Èyí tí wọ́n rọ ní Cambridge ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n sọ ní Toyota Matrix. Èyí tí wọ́n rọ ní Fremont ni wọ́n sọ ní Pontiac Vibe. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí pọ́nńbélé! Ẹ́ńjìnnì 1.8 kan náà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 1ZZ, ni ó ń mí ní àyà àwọn méjèèjì. Àní àwọn tí wọ́n jẹ́ eléré jù nínú wọn, Matrix XRS àti Vibe GT, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí Yamaha bá Toyota ṣe, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 180, ni wọ́n jọ ń lò. (Ohun tí ènìyàn fẹ́ fi ẹṣin 180 ṣe nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ orí afárá Third Mainland, n kò tíì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mi.)

Nílé Yorùbá, ẹ̀wà tí a bá bù fún Táyé ni à ń bù fún Kẹ́hìndé, kí wàhálà má baà wọlé. Lọ́jà ọkọ̀, ẹní la tẹ́ fún Matrix, Vibe sì ń jókòó sórí ilẹ̀. Bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi kan, tí ọdún wọn dọ́gba, tí ara wọn le bákan náà, owó tí a óò dá lé Matrix a máa ga ju ti èkejì rẹ̀; bí ẹ bá sì bi ọlọ́jà léèrè ohun tí owó tí ó lé náà wà fún, yóò fi ìka kan irin roboto kan níwájú rẹ̀ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, yóò ní, “Alàgbà, Toyota nìyẹn o!” Irin tí ọmọdé lè fi ọ̀bẹ ṣí kúrò ni à ń dá owó lé báyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni bí oní-Vibe bá dé Ládípọ̀ ní Mushin láti ra páàtì ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. “Ṣé 1ZZ ni?” ni wọn óò wí, ohun tí wọ́n ń tà fún oní-Matrix náà ni wọn óò sì gbé lé e lọ́wọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ Matrix. Iná iwájú Vibe àti bọ́ńpà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì rẹ̀, ẹni tí oníkẹ̀kẹ́ Márúwá bá sì fọ́ iná rẹ̀ yóò wá a títí kí ó tó rí i rà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ti iná? Àwáwí tí ó dùn jù létí ni ti ẹni tí ó wí pé, “Èmi kò ka orúkọ sí o, ẹni tí n óò tà á fún lọ́la ni ó kà á sí.” Ẹ lọ bá ẹni ọ̀la náà, òun pẹ̀lú yóò ní òun kò kà á sí, ẹni ọ̀túnla ni. Báyìí ni gbogbo ìlú ṣe ń sanwó orí irin nítorí ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú kàn rí.

Bí ó bá sì ṣe pé irin náà ní agbára tí a rò pé ó ní, Jàpáàn ìbá ti gbà á. Nítorí Vibe yìí kan náà ni wọ́n rọ ní Fremont, tí wọ́n gbé ọwọ́ ìdarí rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, tí wọ́n lẹ orúkọ Toyota Voltz mọ́ ọn níwájú, tí wọ́n sì kó ránṣẹ́ sí ọ̀hún ní 2002. Ọjà kò tà, nígbà tí yóò sì fi di 2004 wọ́n ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ìbejì tiwọn, Toyota GR86 àti Subaru BRZ, ilé Subaru ní Jàpáàn ni wọ́n ti rọ àwọn méjèèjì, ẹ́ńjìnnì Subaru ló sì wà nínú wọn. Ọkọ̀ 2022, dọ́là 27,700 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ owó ti Toyota, 27,995 ni ti Subaru. Dọ́là 295, tí kò lè ra táyà mẹ́rin tí ó gbámúṣé, ni àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jiyàn di ọ̀gànjọ́.

Pontiac fúnra rẹ̀, orúkọ tí General Motors fi ta Vibe, ti kú ní 2010. Ilé ti tú, ọmọ rẹ̀ di aláìníbaba. Ilé iṣẹ́ Fremont náà ti di ti Tesla, tí ó fi jẹ́ pé bí ilé là ń wò lóòótọ́, Vibe ni ó yẹ kí ó máa yan fanda láàárín ìgboro pé ilé tí wọ́n ti ń rọ Tesla ni wọ́n bí òun sí.

Aládùúgbò mi kan, tí ó ra Vibe ní owó pọ́ọ́kú, kò dúró de irú ọlá bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún ara mọ́tò ṣe, wọ́n yọ ohun tí ó fi ń jẹ́ Pontiac, wọ́n fi pútì dí ojú ibẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n sì lẹ irin Toyota mọ́ ọn. Odidi ọdún méjì ni a fi bá a pè é ní Matrix, nítorí pé aládùúgbò rere ni. Nígbà tí ó fẹ́ tà á, ọ̀dọ́kùnrin kan wá, ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan péré, ó bẹ̀rẹ̀ wo iná iwájú, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “Vibe ni mo mọ èyí sí o.” Owó Vibe ni ó dá lé e. Lẹ́yìn náà ni ó fi èékánná ha ojú pútì náà, ó tún yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ọ̀hún.