Fìlà Oníhò fún Ọmọ Bàrígà

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, jótà tí wọ́n ń pín níbi ìkómọ, kò sí èyí tí ọwọ́ mi ò tíì kàn. Bóyá ìyẹn ló kó sí mi lórí. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó wà ní Bàrígà lóyún, tí wọ́n ní oṣù Kẹta ni yóò bí, mo fọ́nnu níwájú gbogbo ẹbí pé kí ẹnikẹ́ni má ra fìlà ọmọ. Èmi ni màá hun ún. Màámi wò mí títí, wọ́n ní, “Ìwọ tí o kì í lè so okùn bàtà rẹ?” Mo ní kí wọ́n máa wòran.

Ẹ̀yin náà mọ ooru oṣù Kẹta l'Ékòó, pàápàá bí iná ò bá sí. Fìlà tí wọ́n ń tà ní sẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, wúùlù tó nípọn ni, bí ẹni pé London ni wọ́n ti fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ. Èrò tèmi ni pé kí n fi kọ́tìnì hun èyí tó ní ihò bíi ti léèsì, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọmọ lórí. Èrò yẹn dára. Mo fẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀ fún mi kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Mo lọ sọ́jà, mo béèrè òwú kíróṣè tó jẹ́ kọ́tìnì. Ìyá tó ń tà á ní kọ́tìnì ni, ó fi Ọlọ́run búra, ó sì bá mi dín owó. Ta ni kò ní gbà? Mo ti hun ún dé ìdajì kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé iná ni wọ́n fi ń dán òwú wò. Kọ́tìnì a máa jó bí ìwé ṣe ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ láàárín ìka. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe àkírílíìkì, nítorí náà yíyọ́ ló máa ń yọ́, á wá di kókó dúdú líle. Mo ṣáná sí tèmi. Ó yọ́. Ó kán sí mi lórí itan, mo sì pariwo débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ẹ̀rọ ti gé mi níka.

Mo tún òwú rà, kọ́tìnì gidi lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ilé tí mò ń gbé, ìyá onílé wa ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Wọ́n ní, “Wá jókòó, kí n kọ́ ẹ.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Mà, mo ti rí i lórí fóònù.” Ìwé ìlànà tí mo rí níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dán, aláwọ̀ mẹ́rin, nítorí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ìwé náà ní kí n ṣe ojú òwú kan tí wọ́n ń pè ní double crochet, 12 ní ìlà kìíní, kí n sì máa fi 12 kún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe pàdé Mà lórí àtẹ̀gùn, mo bi wọ́n. Wọ́n gba ìkọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe méjì, mẹ́ta, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ìwé Amẹ́ríkà ni. Ojú òwú kúkúrú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet, ọ̀dọ̀ wọn ni ilé ìwé wa sì ti kọ́ ọ. Ojú gíga ni àwọn Amẹ́ríkà ń fún ní orúkọ yẹn. Bí ojú bá ga, 12 tí à ń fi kún ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ kí orí fìlà tẹ́. Bí ó bá kúrú, bíi 6 ti tó o. Èmi ń fi 12 kún ojú kúkúrú. Kò sí ibi tí ojú tó pọ̀ jù wọ̀nyẹn fẹ́ gbà, ni wọ́n bá ń ru sókè, wọ́n ń wọlẹ̀, bíi gèlè tí ọkùnrin wé fún ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé bí léèsì ṣe ń rí nìyẹn. Nígbà tí ó wá pọ̀ jù, mo fi ọgbọ́n ìtẹ̀wé kún un: mo tẹ́ ẹ sábẹ́ odindi rìímù bébà mẹ́wàá di ọjọ́ kejì. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, ó tún ru padà.

Mà gba ìwé mi, wọ́n fi awò ojú wọn wò ó. “Ará Amẹ́ríkà ló kọ èyí. O ò sì sọ.” Wọ́n wá fi mí jókòó, wọ́n ń kọ́ mi, wọ́n ń bú mi. Àwọn sístà ará Ireland ló kọ́ àwọn fúnra wọn, wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ náà sì jọ mí lójú, nítorí láàárín àwọn ọdún 1840, nígbà tí àrùn ba ọ̀dùnkún Ireland jẹ́ tí ìyàn ńlá mú, léèsì kíróṣè ni ọ̀pọ̀ obìnrin agbègbè Cork hun tà kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Finbarr sì ni ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo Cork, òun náà ni Fadá Denis Slattery, tó jẹ́ ọmọ agbègbè yẹn, fi sọ ilé ìwé tí ó dá sílẹ̀ ní 1956, èyí tó wà ní Àkọ́kà nítòsí wa níbí. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n mọ St. Finbarr's mọ́, Stephen Keshi àti Henry Nwosu, ibẹ̀ ni wọ́n ti kàwé. Ká ní Fadá fi kíróṣè kún bọ́ọ̀lù ni, bóyá ọ̀rọ̀ mi ì bá má burú tó báyìí.

Fìlà tó tẹ̀ lé e dára. Nọ́ọ̀sì kan nínú ilé wa ti sọ fún mi pé orí ọmọ tuntun máa ń tó nǹkan bíi 35 sẹ̀ǹtímítà yípo, mo sì wá àgbọn kan tó bá ìwọ̀n yẹn mu. Fìlà náà wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń hun ún, láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, lọ́jọ́ tí à ń tẹ ìwé ìpolówó aláwọ̀ mágẹ́ńtà. Àtàńpàkò mi dúró sí góńgó orí fìlà, ó hàn kedere, àwọn ọlọ́pàá lè fi mú mi. Mo bu jíìkì sí i; yíǹkì náà ò tiẹ̀ mira. Ọmọ iṣẹ́ mi ló rán mi létí: “Ọ̀gá, yíǹkì elépo ni. Ṣebí kẹrosíìnì la fi ń fọ rólà?” Mo mọ̀. Ọdún wo ni mo ti ń fọ rólà? Kẹrosíìnì fọ èyí tó pọ̀ jù kúrò, ó ku píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ta ló máa fi fìlà tó ń rùn bí àdògán lé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lórí? Ni mo bá fi ọṣẹ sè é lórí iná. Òórùn náà lọ. Kọ́tìnì náà sún kì. Mo gbé e padà sórí àgbọn, ó jókòó sí òkè níbẹ̀ bíńtín, kò sọ̀ kalẹ̀ dé etí.

Àyè àtiṣe òmíràn ò sí mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo gbé e dé Bàrígà nínú àpò ẹ̀bùn tí mo tẹ̀ fúnra mi. Ìyá ọkọ àbúrò mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. “Èwo lèyí? Ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni?” Mo ṣàlàyé ooru, mo ṣàlàyé atẹ́gùn. “Bọ̀ọ̀dá, àwùjẹ̀ ọmọ ò tíì dí, ẹ wá ní ká la fèrèsé síbẹ̀.” Wọ́n fa fìlà wúùlù pupa kan yọ nínú báàgì wọn, wọ́n dé e fún ọmọ títí dé ojú, wọ́n sì gbé tèmi lé e lórí kí ojú má bàa tì mí. Èmi àti ọmọ náà jọ ń làágùn.

Nọ́ọ̀sì wa dé, ó rí okùn ríbọ́nù gígùn tí mo so mọ́ ọn. Ó béèrè sísọ́ọ̀sì. Ó ní a kì í so nǹkan tó gùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ jòjòló lọ́rùn, ó sì gé e sọnù. Ó bọ́ fìlà wúùlù náà, ó ní kí ọmọ má dé fìlà kankan sùn nínú ilé tó móoru. Ìyá ọkọ àbúrò mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pín ìrẹsì.

Ọmọ àbúrò mi àgbà, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ló jogún fìlà náà. Ó ti dé e fún ọmọláńgidi rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ní kí n wá so okùn rẹ̀ padà, kí n sì parí píǹkì tó wà lórí rẹ̀, nítorí kò tó.