Ẹni Tí Kò Dúró Kó Jinná, Kó Dúró Kó Tutù

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dúró kó jinná, yóò dúró kó tutù. Ìdúró méjì ló wà nínú òwe náà. Ẹni tó ti fẹ́ná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí èéfín ti ta á lẹ́nu ta á nímú, kò yẹ kó tìtorí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kù bọwọ́ bọ ìkòkò gbígbóná. Sùúrù tó ti ná tẹ́lẹ̀ ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ pé kó ní díẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ Yorùbá yóò ra ìkòkò onírin tó ń fọn fèrè, tí yóò gbé e sórí sítóòfù, tí yóò sì yíjú sí àwọn bàbá rẹ̀ pé: "Ẹ gba òwe yín o. Mo ti ra ìdúró méjèèjì pa."

Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ni mo ń sọ. Ó ti di ẹ̀bùn ìgbéyàwó, ó ti di ohun àmúyangàn nílé ìdáná. Ẹ má sì rò pé mo fẹ́ bú u. Ìkòkò kò ṣẹ̀ wá. Ẹ̀wà le. Ẹ̀wà tó bá ti pẹ́ jù níbi ìkẹ́rù tó móoru, èèpo rẹ̀ a gan, inú rẹ̀ a yigbì, a ó sì máa se é títí àwọn ọmọ yóò fi sùn pẹ̀lú ebi. Ẹni tó tà á ti búra fún wa pé tuntun ni. Gáàsì náà ti wọ́n débi pé ojú ẹni tó ń dáná kì í kúrò lára sílíńdà. Ìkòkò tó bá lè mú ẹ̀wà tí ì bá gba wákàtí kan àbọ̀ rọ̀ láàárín ìdajì wákàtí, olóore ni.

Bó ṣe ń ṣe é kò ní oògùn nínú. Nínú ìkòkò lásán, omi kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Ẹ koná mọ́ ọn títí di ọ̀la, yóò kàn máa hó ni, ooru rẹ̀ yóò máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n rọ́bà ló yí etí ọmọrí ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ ká. Ooru kò ríbi gbà jáde, ó ń kó ara rẹ̀ jọ, ó sì ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Omi tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè hó ní ìwọ̀n 100 mọ́. Ó di nǹkan bí 120. Ogún ìwọ̀n tó lé yẹn ni ọwọ́ ẹ̀wà kò ká.

Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Denis Papin ló ṣe irú ìkòkò yìí, ó sì gbé e han àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1679. Ẹ̀wà kọ́ ló ń bá jà, egungun ni. Ó sọ ọ́ nínú àkọlé ìwé tó kọ nípa rẹ̀ ní 1681 pé ẹ̀rọ tí ń mú egungun rọ̀ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1682, ó se àsè fún díẹ̀ lára àwọn ọ̀mọ̀wé náà, wọ́n jẹ egungun màlúù àti ti àgùntàn bí ẹni jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n Papin kò ti ooru mọ́lé kó lọ sùn. Ó fi fáàfù sí ọmọrí, pé bí agbára ooru bá pọ̀ jù, kó ríbi sá gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ oúnjẹ ní eré sísá ló kọ́kọ́ wá ìjánu fún eré náà. Ó ti lé ní 340 ọdún báyìí. Àwa jogún ìkòkò, a kò jogún ìjánu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èrè wa ná. Ìkòkò dá wákàtí kan padà fún wa. Wákàtí ọ̀hún dà?

Ẹ bi Ọ̀gbẹ́ni Kíákíá. Ẹ kò ní wá a jìnnà, nítorí kò sí àdúgbò tí kò sí. Kíákíá ní òun kò ráyè rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, aago méjì òru lù bá a lórí fóònù, ó ń wo fídíò bí a ṣe ń tètè se ẹ̀wà. Ó wò ó tán, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ̀wà wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Abọ́ omi tútù kan kì í jẹ gáàsì, kì í jẹ iná mànàmáná. Ẹ̀wà tó bá sun inú omi mọ́jú ti mu omi tó yẹ kó mu, iná kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́, ìgbà tí onílé ń hanrun ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá dún, tí kò sì náni lówó, Kíákíá kì í kà á sí ọgbọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, màmá Kíákíá wá kí i láti ilé. Ó fẹ́ fi ẹ̀wà ṣe màmá lálejò. Ó da ẹ̀wà sínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, ó bu omi lé e, ó kún dé ọrùn. Ìwé pélébé tó bá ìkòkò wá ti kìlọ̀ pé kí ohun tó ń wú, tó sì ń hó ìfófòó, má kọjá ìdajì ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìwé náà ti bá páálí ìkòkò lọ sí ààtàn. Ìkòkò gbóná, fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìfófòó gbé èèpo ẹ̀wà sókè, èèpo lọ lẹ̀ mọ́ ojú ihò. Fèrè dákẹ́. Iná ṣì ń jó.

"Ọkọ mi, kí ló dé tí ìkòkò rẹ ò dún mọ́?"

"Màámi, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ jẹ́ n bù fún yín."

"O ò wá ní jẹ́ kó tutù ná?"

"Hàbà, Màámi! Ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́."

Màmá kò bá a jiyàn. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kíákíá pa iná. Ó di ọmọrí mú, ọmọrí kò gbọ́. Bí ọmọrí bá ti le bẹ́ẹ̀, ìkòkò ń sọ̀rọ̀ ni, ó ń sọ pé ooru ṣì wà nínú òun. Kíákíá kì í gbọ́ èdè ìkòkò. Ó ki orógùn bọ abẹ́ ọwọ́ ọmọrí, ó sì fi gbogbo ara wọ́ ọ. Ariwo tó tẹ̀lé e, àwọn ará ilé kẹta gbọ́ ọ. Nígbà tí ooru fẹ́, ẹ̀wà wà lára àjà, ẹ̀wà wà lára kàlẹ́ńdà ìjọ, apá Kíákíá sì ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìdajì wákàtí ló fi se ẹ̀wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tọ́jú apá. Ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni kò fi kan ẹnu sì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Omi inú ìkòkò náà ti kọjá ibi tó yẹ kó ti hó, agídí ọmọrí ni kò jẹ́ kó hó. Nígbà tí ọmọrí yẹ̀ lójijì, gbogbo híhó tí omi ti ń gbé pamọ́, ó hó o lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba ojú tó ṣí jáde pẹ̀lú ẹ̀wà tó wà nínú rẹ̀. Bí Kíákíá bá ti fi í sílẹ̀ kó tutù, ooru ì bá padà di omi, ọmọrí ì bá sì fúnra rẹ̀ rọ̀.

Ibí ni òwe àwọn àgbà ti yí padà sí wa. Láyé ìgbà igi àti ààrò, ẹni tí kò dúró kó tutù, ahọ́n rẹ̀ ló ń jó, ọ̀rọ̀ náà kò ju ẹ̀rín lọ. Ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ gé ìdúró iwájú kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún ìdúró ẹ̀yìn, ó tún fi ewu sí i. Nítorí náà, ẹni tí kò dúró kó jinná gan-an ni ó di dandan fún láti dúró kó tutù.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò ní ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, ìkánjú nìkan ni wọ́n ní. Àwọn wọ̀nyí ló ń ju parasítámọ́ọ̀lù sínú ẹ̀wà àti ẹran kó lè tètè rọ̀. Ta ló sọ fún wọn pé orí ń fọ́ ẹ̀wà? NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti kìlọ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé oògùn kì í ṣe èròjà ọbẹ̀, àti pé parasítámọ́ọ̀lù tó bá pọ̀ jù lára a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó se é kò mọ iye tí oníbàárà ti lò nílé kó tó wá jẹun. Káún àwọn ìyá wa sàn díẹ̀, ó ń mú èèpo ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́. A fẹ́ jẹ ẹ̀wà fún oore ara, a wá lé oore náà lọ kí ẹ̀wà tó dé inú àwo.

Síbẹ̀, ìkánjú tó burú jù lọ kì í ṣe ti ilé ìdáná, inú ìsọ̀ ló wà. Kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀wà ju ènìyàn lọ. Ẹni tó kó ẹ̀wà pamọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n mọ̀ pé bí òun bá sùn jù, ìyẹ̀fun ni òun yóò bá nínú àpò. Kí wá ni àwọn kan ń ṣe? Wọ́n ń wọ́n dichlorvos sí i, irú oògùn tí a fi ń pa aáyán, wọ́n á sì kó o lọ sọ́jà kí agbára oògùn náà tó lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n gbà láàyè nínú kílò kan kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ dé 4.6. Àwa tí a ń gbin ẹ̀wà ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, tí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn sì ń tọ́jú oríṣi irúgbìn rẹ̀ tó lé ní 15,000, àwa náà ni wọ́n dá ẹ̀wà wa padà lẹ́nu bodè. Èyí tí wọ́n kọ̀ fún ará Yúróòpù, a jẹ ẹ́ nílé.

Bẹ́ẹ̀, àpò kan wà tí àwọn olùwádìí ti fi kọ́ àgbẹ̀ tipẹ́, tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. A ó da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, a ó di ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó le dan-in. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú. Kò sí oògùn, kò sí òórùn. Ohun kan ṣoṣo tí àpò náà ń bẹ̀ wá ni pé ká má máa tú u wò. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó wù wá.

Ẹ wá wo ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹlẹ́wà agànyìn kì í kánjú. Yóò se ẹ̀wà títí ẹyọ kan kò fi ní dá ẹyọ kejì mọ̀, yóò yọ́ epo títí yóò fi dúdú, yóò din ata gbígbẹ sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó bá fi máa ṣí ìkòkò láàárọ̀, ta ni ẹ ó bá lórí ìlà, tó mú kúlà dání, tó ra búrẹ́dì Agége sí abíyá? Kíákíá ni. Ó dúró, kò ráhùn, ẹsẹ̀ kò ro ó. Sùúrù ẹlòmíì dùn ún jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, ẹ lò ó, owó yín lẹ fi rà á. Ẹ rẹ ẹ̀wà lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdajì ìkòkò, ẹ sì kán epo díẹ̀ sí i kó má hó ìfófòó jù. Kí ẹ tó de ọmọrí, ẹ gbé ojú ihò fèrè sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó là kedere. Ẹ wo rọ́bà rẹ̀. Bí ó bá ti sán, ẹ ra òmíràn. Bí fèrè bá dákẹ́ lójijì nígbà tí iná ń jó, ẹ pa iná, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí i. Bí ó bá jinná, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọmọrí yóò fi ṣí láìjà. Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, kó tọrọ abọ́, kó lọ tò sẹ́yìn Kíákíá lọ́dọ̀ ẹlẹ́wà agànyìn.