Ẹ Kọ́kọ́ Kí Wa Ná: Òǹwòran àti Fídíò Ibi Ìgbafẹ́ Lẹ́kì

Fídíò ibi ìgbafẹ́ ní Lẹ́kì àti Ajah máa ń pín sí mẹ́ta: ìkíni, ojú ọ̀nà, àti ibi ìgbafẹ́ fúnra rẹ̀ bí àyè bá ṣẹ́kù. Ẹ̀ka kẹrin wà tí ẹni tó ya fídíò kò dá sílẹ̀, òun náà ni ìmọ̀ràn àwọn òǹwòran. Ẹ̀ka yìí ló gùn jù, nítorí ẹni tó lọ lè jẹ́ méjì péré, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí kò lọ ló mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ.

Ohun tí wọ́n lè yà kò wọ́n ní ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà yìí. Upbeat wà ní Lẹ́kì Phase 1, níbi tí ọmọ àti bàbá ọmọ ti ń fò lórí aṣọ líle tó ń ju èèyàn sókè. Igbó LUFASI wà ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Ajah. Omu Resort wà ní Bògíjẹ́, tòun ti ọgbà ẹranko àti ère tí wọ́n fi ìda mọ. Èyí tó lókìkí jù nínú fídíò ni Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Afárá tí wọ́n so kọ́ sáàárín igi níbẹ̀ gùn ní mítà 401, ó sì wà lára irú rẹ̀ tó gùn jù ní Áfíríkà.

Orí ìkíni ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ya fídíò á kí ará ilé, á kí ará ìdálẹ̀, á dárúkọ àwọn tó wà ní London àti Houston lọ́kọ̀ọ̀kan, á kí ẹni tó ṣọjọ́ ìbí lánàá, á wá bẹ gbogbo wọn kí wọ́n tẹ agogo. Àwọn òǹwòran á ní ó ti pẹ́ jù, dátà wọ́n, kó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Á gbọ́. Ẹnu géètì gan-an ni fídíò tó kàn á ti bẹ̀rẹ̀. Kíá ni àwọn òǹwòran kan náà á bèèrè irú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ tí kò lè sọ pé ẹ káàárọ̀. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kó máa kí wọn, àmọ́ kí ìkíni náà má gba àkókò. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé kò sí irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀nà pín wọn sí méjì. Ọ̀nà kan náà tó gba Victoria Island lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ìjọba Gómìnà Lateef Jakande là, ni ẹni tó ń lọ gbafẹ́, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti táńkà epo jọ ń gbà. Àwọn tó ń gbé Lẹ́kì ní kí wọ́n yọ ọ̀nà kúrò nínú fídíò, torí ojoojúmọ́ làwọn ń rí i. Àwọn ará Ìkòròdú àti Abẹ́òkúta ní kí wọ́n má gé e rárá, torí bí wọ́n bá rí gó-sílò náà tán, ọkàn wọn á balẹ̀ pé àwọn kò pàdánù ohunkóhun. Tiwọn ló sábà máa ń borí. Nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń ta gálà á rìn wọ inú àwòrán láti apá òsì, á tà fún ẹni tó wà níwájú, á wá ṣéńjì lọ sẹ́yìn, á padà, á jáde lápá ọ̀tún, mọ́tò ò sì tíì kúrò lábẹ́ igi àgbọn kan ṣoṣo. Àwọn òǹwòran á ní kí wọ́n máa lo ọmọ gálà yẹn nínú gbogbo fídíò, òun nìkan ló ń rìn. Afárá Jubilee tí wọ́n ṣí ní Ajah ní 2017 kò yí ìmọ̀ràn yìí padà, àfi pé àwọn kan ti ní kí wọ́n máa yà á láti orí afárá. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, òjò á sọ ọ̀nà di nǹkan mìíràn. Ní ibi ìgbafẹ́ Orlando, ní Amẹ́ríkà, èèyàn ń sanwó kí wọ́n tó gbé e gba inú omi kọjá. Ní àwọn àdúgbò Lẹ́kì kan, òjò wákàtí méjì ti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni owó. Òǹwòran kì í bèèrè bí ibẹ̀ ṣe rí kó tó bèèrè iye tó jẹ́, ìbéèrè náà sì le ju bó ṣe dún lọ, torí owó ẹnu géètì kì í ṣe owó ìgbafẹ́. Owó páàkì wà níbẹ̀, owó omi inú ike wà níbẹ̀, owó ẹṣin tí ọmọ ti rí kí bàbá rẹ̀ tó ráyè bò ó lójú wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ìmọ̀ràn lórí owó fi ń parí sórí kúlà: ṣé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé? Níbi tí wọn kò bá ti gbà á, àwọn ìyá á kọ́ ẹni tó ń ya fídíò ní ọgbọ́n tó yẹ kó dán wò lójú kámẹ́rà. Èyí tó gbajúmọ̀ ni kí wọ́n to ìledìí ọmọ lé fúláàsì ìrẹsì lórí, kí ẹ̀ṣọ́ tó bá láyà wá tú u. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ìledìí kì í bo òórùn ata díndín.

Ìmọ̀ràn tó ṣe kókó jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí wọn kì í gbà: kí ẹni tó ń ya fídíò fi owó ara rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ọ̀gá ibẹ̀ bá gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ máa ń rí nǹkan mìíràn. Adágún tí ewé ti bò á di iṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀rọ ìṣeré tó ti kú láti Kérésì á di ohun ìrántí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò lómi kò ní sí nínú fídíò rárá. Yorùbá ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ní Lẹ́kì, ṣáwámà ló rọ́pò dòdò. Òǹkọ̀wé Noo Saro-Wiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó rìn yí Nàìjíríà ká. Orúkọ ọgbà ìṣeré Transwonderland ní Ìbàdàn ló fi sọ ìwé tó gbé jáde ní 2012, ó dé ibẹ̀, ó sì kọ ọ́ bó ṣe rí lójú rẹ̀. Àmọ́ ìwé nìyẹn. Ìwé kì í jẹ ṣáwámà.

Orí afárá mítà 401 yẹn ni ẹ̀bi kámẹ́rà ti hàn jù, torí ẹni tó gbé e dání ló kọjú sí. Ohun tí òǹwòran ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ihò imú, wíìgì ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àti ọwọ́ tó di okùn mú bí ẹni tó di gbèsè mú; ohun tó ń gbọ́ ni ẹ̀jẹ̀ Jésù. Igbó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn etí. Àwọn òǹwòran ti bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n yí kámẹ́rà síta. Nígbà tí ẹnì kan bá yí i, ọ̀bọ á ti jókòó sórí ẹ̀ka, ojú rẹ̀ á wà lára ọ̀rá gálà, kì í ṣe lára èèyàn. Á sún mọ́ ọn díẹ̀. Á wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ọwọ́ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan á kọjá níwájú kámẹ́rà, ariwo á ta, fídíò á sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ìmọ̀ràn kankan fún ọ̀bọ.

Ti ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ibi ìgbafẹ́ ló kù. Ní Amẹ́ríkà, American Coaster Enthusiasts ti wà láti 1978. Ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó ń gun òkè tó ń já wálẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì lè fi odidi ọjọ́ kan jiyàn bóyá ti pákó dùn ju ti irin lọ. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé láàárín Lẹ́kì àti Ajah kí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí má ṣáájú. Ìpàdé àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé ni tàbí àwọ̀ òkun? Ìpàdé kejì, gèlè tàbí fìlà nìkan? Wọ́n á yan alága, akápò, Ìyá Ẹgbẹ́, Bàbá Ìsàlẹ̀, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ akápò. Bí ẹnì kan bá dábàá pé kí olórí jẹ́ ẹni tó ti dé ibi ìgbafẹ́ rí, wọ́n á ní kó jókòó, ó ń dá ẹgbẹ́ rú. Lọ́jọ́ ìrìn àjò, bọ́ọ̀sì á gbéra ní Ajah lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dúró de Ìyá Ẹgbẹ́ tó ń tọ́ gèlè. Wọ́n á dé ẹnu géètì ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ á bára mu, wọ́n á tò, wọ́n á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa wọlé, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti bá aṣọ lọ. Àwọn òǹwòran máa ń yin irú fídíò yìí pé wọn ò tíì rí géètì náà kedere tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àgbà máa ń rẹ̀, wọ́n á sì gbé fóònù fún ọmọ ọdún mẹ́fà kan. Ọmọ náà kì í ya ara rẹ̀. Á ya eèrà tó ń gbé èérún bisikíìtì lọ, á ya ìka ẹsẹ̀ màmá rẹ̀ nínú bàtà gogoro, á ya ìjàpá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko láìsọ nǹkan kan, títí ìjàpá náà fi yọrí síta. Àwọn òǹwòran gbà pé òun ló mọ fídíò yà jù. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún un: kó kọ́kọ́ máa dọ̀bálẹ̀ kí àwọn.