Ta Ló Lé Yín Dé Inú Igbó?

River Road kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ fàájì. Tírélà ló ni ọ̀nà yẹn ní Barking. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń tò lọ sí Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń ya wọ Thames. Mẹkáníìkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù wà níbẹ̀, àwọn tó ń báni fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó náà wà níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, ilé ìkẹ́rùsí á di ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù á máa ró lábẹ́ páànù. Òdìkejì odò ni Beckton, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin ìlú London. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀hún, kálukú á máa wo ẹni tó dúró tì í tìfura-tìfura.

Ibẹ̀ la ti gbéra lórí kẹ̀kẹ́, àwa mẹ́rin: èmi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, Àlàájì wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lálaalẹ́, àti òyìnbó kan níbi iṣẹ́ mi tó jẹ́ pé òun ló kó bá gbogbo wa. Òun ló ní ká gun kẹ̀kẹ́ la igbó Epping kọjá, ká gba ojú ọ̀nà tóóró-tóóró tí ẹsẹ̀ là sáàárín igi, ká máa sùn sínú àgọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí. Ó ní a ò ní sáré, a ó kàn máa lọ ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú bi í pé kí la fẹ́ lọ gbà níbẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ta ló ń retí wa? Ó ní kò sẹ́nì kan. Ṣé wọ́n á sanwó? Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní àwa la máa sanwó.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí WhatsApp, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé dátà ti tán. Wọ́n wá ní, "Ta ló lé yín?"

Ẹ má bá màmá mi wí. Níbi tí wọ́n dàgbà sí, ẹni tó bá di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́ tó forí lé igbó, iṣẹ́ ló ń lọ. Adẹ́mu ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ẹmu lọ́tùn-ún lósì, ìfófòó ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, okùn ìgùnpẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wolé-wolé ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti wá wo inú àmù, àwọn ìyá sì ti ń sáré bo omi. Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń kó aṣọ kiri abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó. Àwọn yẹn lè lo ọ̀sẹ̀ gbáko lójú ọ̀nà oko, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n ń sùn. Kò sí èyí tó pè é ní fàájì nínú wọn. Ká sọ pé o dá òṣómàáló dúró láàárín Iléṣà àti oko tó ti lọ sin gbèsè, tó o sọ fún un pé lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gba ìsinmi níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè ṣe irú ìrìn yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, á wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sá fún gbèsè.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, Nottingham ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ìlú ọba tó tà á fún wọn pé kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ló tún ń ta òmíràn fún àwa ọmọ pé ká máa fi sinmi, owó rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Èyí tí òyìnbó wa gùn wọ́n ju ọkọ̀ tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń wà lọ síbi iṣẹ́ lọ. Ṣíbí rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó gé ọrùn búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ dànù kí ẹrù má baà wúwo. Ṣòkòtò tó wọ̀ ní tìmùtìmù nídìí, Àlàájì sì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní "Astaghfirullah." Ọmọ Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ gé túbù àlòkù sí ọ̀já gígùn-gígùn, ó fi di gààrì, ẹ̀pà, kúlí-kúlí àti kúlà ìrẹsì kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Òyìnbó ní báàgì kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a fi dé Wanstead, báàgì òyìnbó ti ń fì sọ́tùn-ún sósì lórí táyà, ṣùgbọ́n kúlà kò mì.

Igbó Epping dára. Ọdún 1878 ni wọ́n ṣòfin tó fi í sọ́wọ́ City of London Corporation láti máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo aráàlú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọgbà yí apá kankan nínú rẹ̀ ká mọ́. Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ ó ń wẹ̀yìn títí, ó ń retí ọmọ onílẹ̀. Ojú ọ̀nà náà ń lọ́ láàárín igi, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, gbòǹgbò yọrí níbi kan, ẹrẹ̀ dúró dè wá níbòmíràn. Èsìsì pọ̀ létí ọ̀nà. Nílé, èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì; ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́ òwe yẹn rí.

Yàrà àtijọ́ kan wà nínú igbó náà tí wọ́n ń pè ní Ambresbury Banks. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí àwọn ará Róòmù tó dé, kẹ̀kẹ́ kò sì gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Òyìnbó ń fi hàn wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú wò ó, ó ní ṣé kòtò gọ́tà yìí náà ni. Ó wá fi Ẹ̀rẹ̀dò Sùǹgbọ́, yàrà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lé wa lórí: ó tó 160 kìlómítà yíká, ògiri rẹ̀ ga tó 20 mítà níbòmíràn, obìnrin ló sì gbẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn. Òyìnbó la ẹnu. Àlàájì bi í pé ìgbà wo ló débẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní òun kò tíì débẹ̀ rí.

Alẹ́ lẹ́, a pàgọ́ sí ibi kan tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́bàá Loughton, nítorí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kéèyàn kàn sùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Dartmoor nìkan ló yàtọ̀. Tọkọtaya onílẹ̀ kan pe ẹjọ́ pé kí wọ́n lé àwọn apàgọ́ kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tó dá a lóṣù Karùn-ún ọdún 2025 pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn síbẹ̀. Ẹ rò ó wò: lọ́yà, adájọ́, owó ńlá, nítorí ẹ̀tọ́ àtisùn sínú igbó! Níbí, ìwọ tó o fẹ́ sùn sínú igbó lò ń sanwó kó o tó wọlé. Nílé láyé ìsinsìnyí, ẹbí rẹ ni yóò sanwó kó o tó jáde. Màmá mi pè lẹ́ẹ̀mẹta lóru yẹn. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù kò sí ní Loughton, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn jiyàn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Àlàájì. Ọkùnrin tó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀sán sùn, tí ìdí fèrèsé yàrá rẹ̀ kún fún aṣọ dúdú, ó kírun ìṣáà tán, ó dùbúlẹ̀, ó sì ń hanrun títí ìdájí. Àyè ni òyìnbó ń fi gbogbo owó yẹn rà. Àwa River Road, a mọ iye tí wákàtí kan ń pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé a tún lè rà á padà.

Lẹ́yìn Epping a bọ́ sí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Òfin ọdún 1968 gba kẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí kẹ̀kẹ́ yà fún ẹlẹ́sẹ̀, kó sì yà fún ẹṣin. Nígbàkígbà tí ọmọdébìnrin kan bá gun ẹṣin bọ̀, àwa àgbà mẹ́rin á sọ̀ kalẹ̀, a ó tò sétí èsìsì, a ó sì kí i bí ẹni kí Aláàfin. Gbogbo èèyàn ló ń kíra wọn nínú igbó. Àwọn kan náà tí kò ní wò ọ́ lójú nínú ọkọ̀ ojú irin ni yóò máa bi ọ́ bí ọ̀nà ṣe rí.

Hatfield Forest la gbà jáde sí Flitch Way, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò, tó lọ dé Braintree. Ó kọjá ní ìlú Great Dunmow, níbẹ̀ ni òyìnbó sì ti sọ ìtàn tó dá kẹ̀kẹ́ wa dúró. Ó ní lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, tọkọtaya ń lọ dúró níwájú adájọ́ nílùú yẹn láti jẹ́rìí pé fún ọdún kan àti ọjọ́ kan, àwọn kò kábàámọ̀ pé àwọn fẹ́ra. Bí wọ́n bá jàre, wọ́n á kúnlẹ̀ sórí òkúta ṣóńṣó búra, wọ́n á sì gba ilàjì ẹlẹ́dẹ̀ lọ sílé. Apọ́n mẹ́fà àti wúńdíá mẹ́fà ló ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà.

"Àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó rí?" ni ọmọ Ìjẹ̀bú bèèrè.

"Àwọn gan-an."

Ó ní òun kò lè lọ, nítorí ìyàwó òun ṣì rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a kúrò ní River Road la máa padà. Àlàájì dákẹ́, ó ń rò ó. Ó ní bí wọ́n bá lè fi àgbò pààrọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, òun á lọ, kìkì pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun bóyá ìyàwó ti Barking ni kí òun mú wá, tàbí ti Ìwó.