Ejò Tí Kò Yọjú Síbi Iṣẹ́
Nínú ìwé ìtàn, ẹ̀rù ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nígbà tí Sarah Perry kọ The Essex Serpent, tó jáde ní 2016, bó bá ti kọ "kùrukùru" sílẹ̀, ojú ọjọ́ ti ṣú nìyẹn, ẹ̀rù ejò ńlá inú omi sì ti gba abúlé apẹja kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria. Àmọ́ nígbà tí Apple TV+ sọ ọ́ di eré alápá mẹ́fà ní 2022, wọ́n ní láti wá ẹrọ̀fọ̀ gidi, kí wọ́n sì wá àwọn tó rẹwà gidi láti dúró sínú rẹ̀. Tom Hiddleston ni pásítọ̀ abúlé. Ìpayà dé, ọmọdébìnrin sọnù, apẹja ò rójú sùn, ṣùgbọ́n súwẹ́tà pásítọ̀ ò já fọ́nrán kan. Claire Danes, opó ọlọ́rọ̀ láti London, wá fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ejò. Wọ́n wo omi, omi wo wọn. Ejò tó lorúkọ eré ló yọjú kéré jù; bóyá owó iṣẹ́ ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kàkà kí ejò dé, ìfẹ́ ló dé, ìyàwó pásítọ̀ sì wà nílé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti lọ́wọ́ kan ejò nínú. Ohun tí omi gbé sétí òkun nínú ìwé ńkọ́? Mi ò ní sọ. Ata ló yẹ kí wọ́n gbé pàdé rẹ̀, kì í ṣe Bíbélì.